Ìgbà Tí Adágún Bọ́ Sí Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Òní la tún ṣí géètì adágún fún èrò. Èmi ni mo ṣí i. Àgádágodo yẹn kọ́kọ́ ṣagídí, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀gá ẹ̀ wà. Mo bú u dáadáa, mo fi epo sí i lẹ́nu, ó ṣí.

Tísà ló kọ́kọ́ wọlé, bó ṣe máa ń ṣe. Ọdún keje rèé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ọjọ́ tí kì í ju ìwọ̀ sínú adágún wa, àmọ́ gbogbo ẹja tó ti pa látìgbà yẹn kò lè yó ológbò kan. Ó ní, "Ìyàwó olùtọ́jú, ẹ kú ìdúró o." Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Tísà." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìdí igi ẹ̀ lọ.

Ìdílé méjì ló pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adágún Kékeré, níbi tí omi ò ti mu ọmọdé kọjá orúnkún. Ọkùnrin mẹ́ta yá ọkọ̀ lọ sórí Adágún Ńlá. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo fún wọn ní ẹ̀wù tó ń múni léfòó, mo ní kí wọ́n rí i pé wọ́n padà kí oòrùn tó wọ̀. 

Ọkọ mi jókòó sójú fèrèsé látàárọ̀, ó ń wò mí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lára ẹ̀, tó sì kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú omi yìí, kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan rí. Lẹ́tà káńsù wà lábẹ́ tẹlifíṣàn, mo ti kà á débi pé mo mọ̀ ọ́n lórí: bí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ títí di ogúnjọ́ oṣù kẹrin, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olùtọ́jú tuntun á dé, òun ló sì máa gbé inú ilé yìí, torí ilé iṣẹ́ ni.

Inú ilé yìí ni mo ti bímọ. Inú ẹ̀ ni mo ti hewú. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Tísà nìkan ló wá. Aṣọ àgọ́ mẹ́fà ni mo fọ̀, mi ò rí oòrùn sá wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Èrò pọ̀ lónìí, mo dúpẹ́. Àgọ́ mọ́kànlá. Bẹ́ńtírólù tí à ń rọ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti tún wọ́n sí i, búrẹ́dì náà ò kẹ̀rẹ̀. Ekòló ìdẹ ẹja nìkan ló dúró sí iye tó wà, torí èmi ni mò ń wa á lẹ́yìn ilé.

Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó pàgọ́ síbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Mo kìlọ̀ fún wọn. Ọkọ ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Òjò dé nírọ̀lẹ́, àgbàrá gba abẹ́ wọn kọjá, ó sì gbé bàtà ìyàwó dání. Obìnrin yẹn ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Inú mi dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ọkọ mi: "Ó dáa." Mo bi í bóyá ebi ń pa á, "Ó dáa." Mo bi í bóyá ibì kan ń dùn ún, "Ó dáa." Lánàá, tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, ó pariwo, "Ó dáa! Ó dáa!" Mo rẹ́rìn-ín títí ojú fi ń tì mí. Òun náà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa obìnrin pè láti ìlú ńlá tó wà. "Mọ́mì, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo ti tún yàrá kan ṣe fún ẹ̀yin àti Dádì."

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ máa ń gbọ́. Ẹ kì í ṣe é ni."

Àjà kẹrin lọmọ yìí ń gbé. Ojú fèrèsé ẹ̀, ògiri ilé ẹlòmíì ni wọ́n ń wò. Ohun tí mi ò lè sọ fún un nìyí: bí wọ́n bá gbé bàbá ẹ̀ kúrò níbi tó ti ń rí omi, èyí tó kù lára ẹ̀ á lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, kì í ṣe ti ilé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Káńsù pè. Ọmọ ẹja tọdún yìí ń bọ̀ lọ́la, ẹgbẹ̀rún kan, ká tú wọn sínú Adágún Ńlá.

Ọjọ́ tí ọmọ ẹja bá dé, ọjọ́ ìsinmi ọkọ mi ni. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́dọọdún, á kó àwọn ọ̀rá olómi tí ọmọ ẹja wà nínú wọn sínú ọkọ̀, á wà á dé àárín adágún, á so gbogbo ọ̀rá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n máa léfòó, á wá fi fìlà bojú, á jókòó kalẹ̀. Wákàtí kan gbáko! Nígbà míì á tún lé. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá pariwo, "Ọ̀lẹ! Alápámáṣiṣẹ́! Ṣé oorun ni káńsù ń sanwó ẹ̀ fún yín ni?" Òun á kàn gbé ọwọ́ sókè lọ́hùn-ún, á jù ú sí mi. Kò ṣàlàyé rí, èmi náà ò bèèrè rí. Àwàdà wa ni.

Èmi ò ráyè oorun o. Kíá ni màá ṣe tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ṣe é! Èmi yìí!

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n dá, agogo méjì ọ̀sán ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Táyà ló jò lọ́nà. Oòrùn ń ta bíi pé ó ń gbẹ̀san. Ọ̀rá mẹ́wàá wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ omi adágún ní tiẹ̀ tutù nini torí òjò àná. Àwọn tó fẹ́ yá ọkọ̀ ti tò sétí omi, wọ́n ń wo agogo ọwọ́ wọn. Mo wa ọkọ̀ lọ, mo já ọ̀rá, mo da ẹja. Mo já ọ̀rá, mo da ẹja. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti parí.

Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi lójú fèrèsé tó ń fi ọ̀pá gbá gíláàsì, gbá, gbá, gbá. Mo juwọ́ sí i. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ wo ọkọ mi, inú ẹ̀ dùn sí mi. Ó tún gbá a. Mo fi ọwọ́ méjèèjì jù ú sí i.

Nígbà tí mo wọlé, gíláàsì ti sán, òógùn bo ojú ẹ̀, omijé sì wà níbẹ̀. "Ó dáa, ó dáa, ó dáa," ló ń wí. Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Ó dáa lóòótọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò gba wákàtí kan?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ti kú.

Ikùn funfun ni mo kọ́kọ́ rí létí omi láàárọ̀, mo rò pé ìdọ̀tí àwọn tó pàgọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ti kó wọn jọ sínú koríko. Mo kà dé irínwó, mo dá kíkà dúró. Tísà sọ ìwọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọ omi tòun ti ṣòkòtò, ó ń fi àwọ̀n kékeré kó wọn sínú garawa. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún. Garawa mẹ́fà la kó.

A gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé ọkọ̀, a sin wọ́n. Ó ní, "Ẹ pa ẹnu yín mọ́ o. Ohun tó wà lábẹ́ omi, ta ló fẹ́ wá kà á?"

Àwọn èrò ń ṣeré lọ́dọ̀ Adágún Kékeré, wọn ò mọ nǹkan kan. Mo ta ekòló fún wọn, mo ní kí wọ́n gbádùn ara wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkọ mi ò jẹun lánàá, kò jẹ láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ó ń bínú sí mi.

Mo pe obìnrin tó ń tọ́ ọmọ ẹja fún káńsù. Mo fẹ́ bá a jà, ká má parọ́. Mo fẹ́ sọ pé ẹja tó ń ṣàìsàn ló kó fún mi. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá bi mí jẹ́jẹ́: "Ìyá, ṣé ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rá wà lójú omi?"

Mo ní rárá, kí ló dé?

Ó ní, "Omi inú ọ̀rá gbóná, omi adágún tutù. Bí ẹ bá gbé ọmọ tuntun jáde nínú omi gbígbóná, ṣé inú omi tútù lẹ máa jù ú sí? Ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà lójú omi fún wákàtí kan, ó kéré tán, kí omi méjèèjì lè bára dọ́gba. Ṣé Bàbá ò sọ fún yín ni? Nínú gbogbo àwọn tí mò ń kó ẹja fún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn. Ẹja wọn kì í kú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Lẹ́yìn náà mo lọ kúnlẹ̀ síwájú àga ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ ò sùn rí, àbí? Gbogbo ọdún yẹn, ẹ ò sùn rí."

Ó mirí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa bú yín?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tiẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó ń fi gbá mi lórí pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èsì ẹ̀ yé mi bí ẹni pé ó la ẹnu sọ ọ́: ó fẹ́ràn kí n máa bú òun láti ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ń dúró dè é lọ́dọọdún. Mo sunkún lé e lórí itan débi pé ṣòkòtò ẹ̀ rin. Ó ní, "Ó dáa." Bó ṣe rí lọ́kàn ẹ̀ náà nìyẹn lọ́tẹ̀ yìí.

Ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá tó ń bẹ adágún wò láti káńsù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bàtà-Funfun lèmi àti Tísà ń pè é, torí bàtà funfun ló máa ń wọ̀ wá sínú ẹrẹ̀.

Tísà ní kí n má ṣe wèrè. "Ta ló bi yín? Ẹni tí wọn ò bi, kì í dáhùn."

Mo ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Ó ní, "Ọjọ́ kan ọ̀hún, kó bá yín nínú ilé yín ni o."

Mo bi ọkọ mi bóyá kí n sọ. Kín ni mo rò pé ó máa wí? "Ó dáa."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo sọ.

Ó wo àwọn ọkọ̀, ó ka ẹ̀wù omi, ó wo ilé ìyàgbẹ́, ó ní gbogbo ẹ̀ mọ́ ju tèṣí lọ. Ó fẹ́ máa lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró. Ẹja yẹn, mo pa á." Mo sọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan pé mo ń juwọ́ sí ọkọ mi nígbà tó ń gbá gíláàsì. Níbẹ̀ ni ohùn mi ti já.

Ó bi mí, "Mélòó ló kú, Mà?"

"Mo kà dé irínwó, mo dá a dúró."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni mo rí i." Mi ò dárúkọ Tísà.

"Ká ní ẹ ò sọ, mi ò bá tí mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún mi. Bàtà ẹ̀ ti pupa kó tó dé ìdí mọ́tò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Káńsù ò pè. Mo gbé fóònù sínú àpò, mo gbé e lọ síbi tí mo ti ń wa ekòló, mo gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Ọmọ mi nìkan ló pè. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó kígbe: "Mọ́mì! Ẹnu yín ló kó bá yín!" Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá kó wa. Mi ò bá a jiyàn. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Tísà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Ó gbé àga síwájú ọkọ mi, ó ní bí ẹja ò bá fẹ́ gbọ́ tòun, èèyàn á gbọ́. "Ẹ wí pé: o-mi." Ọkọ mi ní, "Ó dáa." Tísà ní, "Kò dáa. O-mi." Wákàtí kan ni wọ́n wà níbẹ̀. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n, Tísà ní kí n jáde, pé òbí kì í jókòó nínú kíláàsì òun.

Nígbà tí mo gbé tíì wọlé, ọkọ mi wò mí, ó di ojú, ó fún ọrùn: "O... mi."

Mo sọ tíì nù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Bàtà-Funfun pè! Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ kí n má baà rò pé àlá ni.

"Olùtọ́jú márùn-ún ni mò ń bẹ̀ wò, Mà. Ọdọọdún ni ẹja ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Irínwó ọmọ ẹja ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́ wọn. Mo bá yín gbà á. Wọ́n á gbé e wá ní Sátidé." Ó tún fi kún un: "Ṣùgbọ́n, Mà, bí èyí bá tún kú, mi ò ní lẹ́nu tí màá fi gbèjà yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ọwọ́ mi ṣì tutù bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mi ò sì fẹ́ kó móoru.

Ọmọ mi dé láàárọ̀ pẹ̀lú mọ́tò ẹ̀, páálí òfìfo kún ẹ̀yìn bóòtù, ti ẹrù wa. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ dáadáa tí ọkọ̀ akẹ́rù ẹja fi dé. Agogo mẹ́sàn-án géérégé, ọ̀rá mẹ́rin. Mo ń kó wọn lọ sétí omi nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀pá ń lu ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ti fi ẹ̀gbẹ́ ògiri gbéra délẹ̀kùn. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ọkọ̀ ojú omi wa.

Ọmọ mi ní, "Dádì, ó tì o! Kò ṣeé ṣe!"

Ó nàka sí ọkọ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Nígbà tí mi ò gbọ́ tiẹ̀ kẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún ẹja ló fojú winá ẹ̀."

Orí àga oníke la gbé e sí, Tísà lápá kan, ọmọ mi lápá kejì, èmi lẹ́yìn. Tísà ń mí bí ẹni tó gun òkè. A gbé e tàga-tàga sínú ọkọ̀, a fi okùn so ó, a wọ ẹ̀wù omi fún un. Mi ò tan ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ ni mo fi wà á, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a kúrò lábẹ́ igi tí oòrùn bà á lójú, ó mí kanlẹ̀. Oṣù méjì ó lé tí mo ti gbọ́ irú èémí yẹn kẹ́yìn.

Ó nàka síbi tí a máa dúró sí. Mo so ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo béèrè pé kí ló kù. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó gbé e lé ara ọ̀rá: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ki ọwọ́ náà bọ adágún: ó tutù. Ó mirí, kò ì tó. A dúró. Ó tún mú un, ọ̀rá, adágún, ó mirí. Ọwọ́ òsì ẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún mi, à ń lọ, à ń bọ̀. Ẹyẹ kan bà lórí àjẹ̀, ó wò wá, ó fò lọ. Mo ní, "Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ̀yin nìkan, gbogbo ọdún yẹn?" Ó ní, "O-mi," ó sì wò ó yí ká.

Ariwo ọmọ wa dé láti etí omi: "Ẹ̀yin méjèèjì! Ṣé ẹ ti sùn lọ ni?"

Ẹ̀rín gbé wa lọ. Ọkọ̀ ń mì. Ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹ̀, mo fi etí aṣọ mi nù ún, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó pẹ́, ó tún mú ọwọ́ mi. Ọ̀rá. Adágún. Ọ̀rá. Mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Mo wò ó, ó ti di ojú, ó ń rọra mi orí sókè sódò. Mo tú ẹnu ọ̀rá, mo jẹ́ kí omi adágún wọ inú ẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ bó ṣe fi ọwọ́ júwe. Mi ò da ẹnikẹ́ni síta. Wọ́n fúnra wọn jáde, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, wọ́n yíjú sísàlẹ̀, wọ́n lọ.

Nígbà tí a padà, ọmọ mi ò sọ nǹkan kan nípa yàrá tó tún ṣe. Ó gé irun bàbá ẹ̀, ó se oúnjẹ ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́ tó ń lọ, mo wo bóòtù ẹ̀. Páálí òfìfo rẹ̀ ló ń kó padà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo yí etí omi ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí òkú kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Tísà pa ẹja! Ó kígbe débi pé àwọn tó wà nínú àgọ́ sáré jáde. Mo lọ wò ó. Kò gùn ju ìka mi lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ni. Mo ní, "Tísà, ẹ dá a padà." Ó ní, "Ọdún méje!" Mo ní, "Òfin ni." Ó fi ẹnu kò ó lórí, ó dá a padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Mo fún un ní búrẹ́dì méjì àti tíì, ó dárí jì mí.

Ọkọ mi ti ní ọ̀rọ̀ márùn-ún báyìí: omi, ẹja, tíì, ó dáa, rárá. Rárá ló fẹ́ràn jù.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Bàtà-Funfun dé. Bàtà òjò dúdú ló wọ̀ lónìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Ó wà lórí omi fún wákàtí méjì pẹ̀lú àwọ̀n, ó kó ọmọ ẹja sókè, ó tú wọn sílẹ̀. Ó wọlé, ó kí ọkọ mi, ó mu tíì, ó wá gbé ìwé kan jáde níta, níbi tí ọkọ mi ò ti lè gbọ́.

"Ọkọ yín ò lè padà sẹ́nu iṣẹ́, Mà. Dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ìwé yìí sì gbà. Tiyín ni mo kọ. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ̀yin ni olùtọ́jú, ẹ̀yin lẹ nilé. Ẹ fún mi lésì láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

Ó yẹ kí n fò sókè. Ṣebí ohun tí mo ti ń tọrọ nìyí? Àmọ́ mo wo orúkọ mi níbi tí orúkọ tiẹ̀ ti máa ń wà, ó wá dà bíi pé mo fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn ọkọ mi lójú ayé ẹ̀. Mo ká ìwé náà, mo fi sí abẹ́ tẹlifíṣàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo sọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ka ìwé náà sí i létí. Mo ní, "Bí ẹ ò bá fẹ́, mi ò ní fọwọ́ sí i. A ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa. A ó rí omi míì."

Ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan orúkọ mi. Ó wá yí àga ẹ̀ sí fèrèsé.

Nígbà tí Tísà dé fún ẹ̀kọ́, mo ní kó padà, pé ara ẹ̀ ò yá. Láti inú yàrá ni ọkọ mi ti pariwo, "Rárá!" Tísà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tísà jáde, kò wojú mi. Ọkọ mi ò mu tíì, ó dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti bà á lọ́kàn jẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti bà á lọ́kàn jẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo jí, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo.  Mo pè é, kò dáhùn. Ọ̀pá ẹ̀ ò sí níbi tó máa ń wà. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, ìrì wà nílẹ̀, mo gba etí omi, mo wo inú omi. Ẹ má bi mí ohun tí mò ń wá.

Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kékeré tó wà nídìí géètì ni mo ti rí i. Ó dúró. Kò jókòó o, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara. Tísà wà lẹ́yìn ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á bó bá fẹ́ ṣubú. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n ẹ̀. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tí wọ́n kọ olùtọ́jú sí láyà, ó fi kọ́ apá. Sínglẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, nínú òtútù àárọ̀ yẹn.

Mo fẹ́ bú wọn. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè kí n dákẹ́. Ó ṣí fìlà. Ó di ojú, iṣan ọrùn ẹ̀ dìde, Tísà náà ń mi ètè tẹ̀lé e láìsọ̀rọ̀.

"Ọ̀... gá," ó ní. Ó mí. "Ẹ... káà... árọ̀."

Ọkọ mi! Ẹni tó ń pè mí ní "ìwọ" láti ọjọ́ tí a ti mọra!

Ó na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mi. Mo gbà á. Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi ò ṣí, omi ń dà lójú mi bí ẹ̀rọ tó jò.  Tísà wúkọ́, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n kí yín."

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lé aṣọ oorun mi. Ó tóbi, ó ń gbóòórùn ẹ̀. Mo nu ojú, mo nàró ṣánṣán, mo ní, "Káàárọ̀. O pẹ́ dé."

Ẹ̀rín pa á, Tísà ló dì í mú kó má ṣubú. Mo gbé àga jáde fún un, mo sáré lọ mú ìwé lábẹ́ tẹlifíṣàn, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdí géètì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí omi, ó fẹ́ gbé e lọ. Ọkọ mi na ọwọ́ òsì, ó fi tẹ etí ìwé náà mọ́lẹ̀ fún mi títí mo fi kọ orúkọ mi tán.